Nínú Èéfín Ilé Ìyanja

Iṣẹ́ tí kò ṣe é dá ṣe ni mo fẹ́ yìn. Irú rẹ̀ pọ̀ ní etíkun Ìlàjẹ, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ọ̀sà wà lẹ́yìn ilé tí òkun sì wà níwájú. Ọkùnrin kan kì í dá ọkọ̀ tì bọ́ sínú ìgbì. Ẹnì kan kì í dá àwọ̀n ńlá fà gúnlẹ̀. Bí wọ́n bá ń ri òpó ilé mọ́ ẹrẹ̀, ẹnì kan á di òpó mú, ẹnì kejì á máa lù ú, àwọn tó kù á dúró máa pariwo pé ó ti wọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìyanja ni mo mọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Ọmọ ayanja ni mí; èéfín ló rán mi níléèwé. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí i bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì ṣe ń rí ènìyàn bá a gbé ọjọ́ rẹ̀ ró láìjẹ́ pé ó bẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí lè máa rò pé ilé ńlá kan ni. Rárá o. Pákó ni ògiri rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo sáàárín pákó kan sí èkejì kí èéfín lè ríbi gbà jáde. Páànù ni òrùlé rẹ̀, abẹ́ páànù náà sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí ilé bá wà lórí òpó, wọ́n á kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀ sórí pákó ilẹ̀ kí iná má baà jó o, lẹ́yìn náà ni wọ́n á mọ ààrò amọ̀ sí i, tàbí kí wọ́n gbé dúróòmù tí wọ́n là sí méjì kalẹ̀. Orí ààrò yìí ni pẹpẹ oníwáyà máa ń wà. Ẹ óò máa gbọ́ omi nísàlẹ̀ bó ṣe ń gbá òpó. Kò sí àga níbẹ̀ tó ju àpótí ìjókòó méjì mẹ́ta lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni wọ́n.

Bí ọkọ̀ apẹja bá ti gúnlẹ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣàwá kò ní wàhálà púpọ̀, fífọ̀ ni wọ́n á fọ̀ ọ́ tí wọ́n á tò ó. Òbòkún ni wọ́n máa ń la inú rẹ̀. Àrọ̀ ni wọ́n ń ká: wọ́n á tẹ ìrù rẹ̀ wá sẹ́nu, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un pọ̀ kó má baà tú lórí iná. Ọmọdé ni wọ́n máa ń fi igi náà rán, ọmọdé náà ni wọ́n sì máa ń bá wí bí igi bá ya ẹja lára. Edé ní ọ̀nà tirẹ̀, ó ń fẹ́ sùúrù, torí pé bí iná bá fi lè ga díẹ̀ pẹ́rẹ́, ó di èédú. Ayanja tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí iná jó lala. Igi tó tutù díẹ̀ ló máa ń kì bọ ààrò, torí iná a máa sun ẹja ni, èéfín ló ń yan án. Iṣẹ́ òru mọ́jú sì ni bí ẹja bá pọ̀.

Ibi tó wù mí jù nínú iṣẹ́ náà ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé pẹpẹ sọ̀ kalẹ̀ láti yí ẹja padà. Wáyà tó kún fún ẹja wúwo, ó sì gbóná. Ẹnì kan á di etí kan mú, ẹnì kejì á di èkejì, àkísà tí wọ́n rẹ sómi ni wọ́n fi ń bo ọwọ́. Wọn kì í ka ení èjì. Ọ̀kan á kàn mí kanlẹ̀, èkejì á sì mọ̀ pé ó yá. Bí ọ̀kan bá yára ju èkejì lọ, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lè dà sínú eérú. Nítorí náà, ní ìwọ̀nba àkókò yẹn, kò sí bí o ṣe lè wà nínú àròdùn tìrẹ nìkan; o ní láti mọ ibi tí ọwọ́ ẹnì kejì wà, kóun náà mọ ibi tí tìrẹ wà. Mo ti rí obìnrin tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ tó sì gbé pẹpẹ báyìí láìmọye ìgbà kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò ṣàjèjì ní etí omi. Omi a máa gbé ọmọ lọ. Ọkọ a máa lọ sókun kó má bọ̀. Ilé tí ènìyàn sùn sí lánàá lè di ibi tí ẹja ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọn àgbà ní àròkàn ní í mú ẹkún àsun-ùn-dákẹ́ wá. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tí kò rí nǹkan kan ní pàtó tí wọ́n ń rò, síbẹ̀ tí ẹkún náà ń bọ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ wọn ń ṣe mí láàánú jù, torí kò sí ẹni tó máa bá wọn ṣọ̀fọ̀ ohun tí kò lórúkọ. Ẹni tó bí ọmọ tí ọmọ náà wà láàyè, tí ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ láti ojú omi lálaalẹ́, tí ara rẹ̀ sì tún wúwo bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ni kó wí? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ìbànújẹ́ tàbí kí nǹkan gbogbo sú ènìyàn bá dúró tì í ní ọ̀pọ̀ wákàtí ọjọ́, lójoojúmọ́, tó ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, àìsàn tó yẹ kí wọ́n tọ́jú ni, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ará ilé ọkọ.

Kí ló wá ń gbé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ dìde? Ẹja ni. Ẹja kì í dúró de inú dídùn. Èyí tó kú lówùúrọ̀, bí iná kò bá kàn án, ìrọ̀lẹ́ ni ó bàjẹ́. Ẹnì kejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ mọ bẹ́ẹ̀, á dúró lórí afárá pákó níwájú ilé, á sì ké wọlé pé, “Ẹja ti dé o. Mo ti to tèmi, kò sẹ́ni tó máa bá mi di etí kejì.” Ẹ kíyè sí i pé kò béèrè àlàáfíà. Kò ní, “Ṣé kò sí o?” Ó mọ̀ pé nǹkan wà. Ohun tó wí ni pé òun nílò rẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn wúlò fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wó ju ká káàánú rẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n ń káàánú lè kọjú sógiri. Ẹni tí wọ́n nílò ọwọ́ rẹ̀ á wá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kiri, ìbáà ṣe pẹ̀lú ìbínú. Mo ti gbọ́ tí obìnrin kan ń ráhùn láti inú ilé títí dé ìdí ààrò pé wọn kì í jẹ́ kí òun sinmi láyé òun. Ẹni tó wá pè é kò dá a lóhùn. Ó kàn na àkísà tútù sí i.

Ìkíni náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Lórí afárá pákó, ẹni tó bá ń kọjá kì í kọjá bí odi. “Ẹ kú iná o!” “Ẹ kú ìrìn o!” Bí ìdáhùn kò bá wá láti inú ilé kan tí èéfín ti ń jáde, ẹni tó ń lọ á dúró. Bí kò bá sí èéfín rárá ní ọjọ́ tí ẹja wọ̀lú, á yà wọlé. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó sọnù láàárín wọn láìsí ìwé tí wọ́n fi ń pe orúkọ. Nínú ọ́fíìsì ìjọba tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a ní ìwé tí a ń fọwọ́ sí láràárọ̀. Ènìyàn lè fọwọ́ sí i fún oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé kò sí níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ èéfín. Nínú ilé ìyanja, ojú gbogbo ènìyàn ló ń pọ́n, omi sì ń bọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì pé kí ló ń pa á lẹ́kún. Obìnrin tó ti ń gbé ẹkún mì láti òru, tí kò lè sun ún lójú ọmọ, tí kò lè sun ún lójú ìyá ọkọ, á wá jókòó síbẹ̀, á sun ún tán, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú bí àwọn tó kù ṣe ń nu tiwọn. Àwọn tó kù mọ̀. Ó dá mi lójú pé wọ́n mọ̀, torí mo ti rí i tí ẹnì kan ta igi tutù sínú iná tí kò nílò igi. Èéfín náà bo gbogbo wa. A hú ikọ́, a bú ẹni tó ki igi náà bọ iná, òun náà rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń sunkún sì sunkún rẹ̀ lọ.

Èéfín náà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, kí n má purọ́. Ìyá mi hú ikọ́ rẹ̀ títí. Ìyìn tí mo ń yìn ín kò ní kí n gbàgbé ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu níbẹ̀ kì í wá ní tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń jókòó sí, ojú wọn wà lára ẹja, ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é sọ ní ojúkojú a sì máa gba àárín iye owó igi àti ọ̀rọ̀ ìjókòó ẹgbẹ́ yọ jáde. Ní Ugbónlà, ìlú kan ní etíkun wa, mo jókòó ti ìyá kan tí ń to ṣàwá pẹ̀lú ìyàwó kékeré kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyí:

“Àbúrò mi, o ti ń to ẹja yìí sún mọ́ra jù.”

“Ẹ má bínú, mà. Mi ò sùn láti àná.”

“Láti àná nìkan?”

Ó pẹ́ díẹ̀. “Ó ti pẹ́, mà.”

“Gbé ìdajì fún mi.”

Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá náà gba ìdajì ẹja inú agbọ̀n rẹ̀, ó sì tò ó pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yí ẹja lẹ́ẹ̀mejì ni ìyàwó náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì gbé ojú sókè títí ó fi sọ ọ́ tán. Èmi dìde lọ wo omi. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí agbára wíwà pẹ̀lú ènìyàn yìí ṣáájú mi, wọ́n sì lò ó. Ní 1954, ní Arò lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Dípò kó ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́ ilé ìwòsàn, ó fi wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tó wà nítòsí, ẹbí aláìsàn kọ̀ọ̀kan a sì bá a gbé ibẹ̀. Wọ́n ń gba oògùn òyìnbó wọn, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́, wọ́n ń bá wọn ṣeré. Lámbò kò fi iṣẹ́ rọ́pò oògùn o. Ó kọ̀ láti fi oògùn rọ́pò ènìyàn ni. Ní Harare ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, láti 2006, Dókítà Dixon Chibanda ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ẹni tí àròjù ń dà láàmú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ènìyàn 573, tó jáde ní 2016, fi hàn pé ọkàn àwọn tó bá ìyá àgbà jókòó fúyẹ́ ju ti àwọn tí wọ́n gba ìtọ́jú ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá àgbà orí bẹ́ǹṣì ń béèrè ọ̀rọ̀. Ìyá ìdí ààrò wa kì í béèrè. Àwọn kan nílò ẹni tó máa bi wọ́n. Àwọn mìíràn, bí o bá bi wọ́n, o ti lé wọn lọ.

Ní Ayétòrò, ní etíkun Ìlàjẹ yìí kan náà, wọ́n gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ àjùmọ̀ṣe yìí di òfin ìlú. Ọjọ́ 12, oṣù kìíní, ọdún 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, tí wọ́n ti ara ìjọ Kérúbù àti Séráfù jáde, tẹ ìlú náà dó sí etí òkun. Kò sí owó oṣù, kò sí tèmi tìrẹ. Ẹni tó ń pẹja ń pa á fún ìlú, ẹni tó ń rán bàtà ń rán an fún ìlú, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, ẹni tó ń kan ọkọ̀, ẹni tó ń hunṣọ, àpapọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ìlú ló ń bọ́ wọn tó sì ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Láàárín ọdún díẹ̀ wọ́n ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan fìtílà. Stanley Barrett, onímọ̀ ará Kánádà tó gbé láàárín wọn, kọ ìwé lórí ìdìde àti ìṣubú ètò náà ní 1977. Mi ò ní sọ pé ohun gbogbo níbẹ̀ ló dára. Ìgbà kan wà tí ọkùnrin ń gbé ọ̀tọ̀ tí obìnrin ń gbé ọ̀tọ̀, tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ òbí kí ìlú lè tọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ dá wà díẹ̀, níbo ni yóò sá sí? Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà kí oníkálukú máa ṣe òwò tirẹ̀, òfin àjùmọ̀ní sì rọ lọ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹpẹ ẹja ṣì ní etí méjì. Èyí tí kò sí ẹni tó ṣòfin rẹ̀ ló kù.

Ti àwọn ọkùnrin kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn náà ń jókòó tún àwọ̀n ṣe ní òjìji ilé, ọwọ́ méjì lórí àwọ̀n kan, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn sì ní adùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín kì í sí níbẹ̀ láti bo ojú, ògógóró ló sì máa ń sún mọ́ wọn jù. Mo ti rí ọkùnrin tó mu ún títí ọkọ̀ rẹ̀ fi rà lẹ́yìn ilé.

Nípa ti ìjọ, mi ò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ilé àdúrà ni ọ̀pọ̀ obìnrin wa ń gbà lọ láti ìdí ààrò, wọ́n á wẹ èéfín kúrò lára, wọ́n á wọ sùtánà funfun, orin á sì gbé wọn ró mọ́jú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n a máa pe ìrẹ̀wẹ̀sì ní ogun ilé, tí wọ́n á fi ẹni náà sí ààwẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé àìlèjẹun gan-an ni àìsàn rẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìpínlẹ̀ wà ní Àkúrẹ́. Láti etí omi, ọkọ̀ ojú omi ni ènìyàn á kọ́kọ́ wọ̀ dé Igbókọ̀dá kó tó wá ọkọ̀ ilẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Ó dára. Kò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi débi tí mo ń wí yìí. Nígbà tí ìyàwó tí mo rí ní Ugbónlà lọ sí Àkúrẹ́ níkẹyìn, ìyá tó gba ìdajì ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ló bá a lọ, àwọn tó kù sì bá àwọn méjèèjì yan ẹja wọn títí wọ́n fi dé.

Òkun wá ń gba àwọn ilé ìyanja náà. Ní Ayétòrò, ó lé ní ogún ọdún tí ìgbì ti ń jẹ ìlú wọlé. Ó ti gbé ilé, ó ti gbé ilé ẹ̀kọ́, ó ti gbé ibi ìsìnkú. Ní 2004 ni àjọ NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde; ọdún gorí ọdún, òkun nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó wá ka àdánù máa ń ka ilé àti ọkọ̀. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n ka ilé ìyanja mọ́ ọn. Bí òkun bá gba ilé mẹ́fà tó wà lórí ìlà kan, ó ti tú obìnrin mẹ́fà tí wọ́n mọ èémí ara wọn lórí pẹpẹ ká, ọ̀kan á gba Igbókọ̀dá lọ, ọ̀kan á gba Èkó, ọ̀kan á lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Oǹdó. Mo bẹ ọ̀kan wò ní Igbókọ̀dá. Ó ní ààrò kékeré kan ní ẹ̀yìnkùlé, irú èyí tí ẹnì kan lè dá lò, kò sì yọ èéfín púpọ̀. Ó ní ẹja òun ń dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tún ní bí òun bá yan ẹja tán, òun kì í mọ̀ bóyá òun sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwọn ará Gánà ti ní irú ààrò mìíràn láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, Chorkor ni wọ́n ń pè é, orúkọ àdúgbò apẹja kan ní Àkrà tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde. Pẹpẹ onígi ni wọ́n ń tò lé ara wọn lórí rẹ̀, èéfín ò sì ní lè fọ́n káàkiri, igi tó ń jó kéré, ẹja tó ń gbà pọ̀. Ènìyàn méjì ló sì ń gbé pẹpẹ rẹ̀, ẹnì kan ní etí kan. Bí wọ́n bá bi mí léèrè irú ààrò tó yẹ kí wọ́n pín fún àwọn obìnrin tí òkun lé, èyí ni n bá mú. Mo ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ìyá Ugbónlà. Ó gbọ́ ọ títí, ó ní ó dára o, ṣùgbọ́n bí èéfín bá lọ, kí ni àwọn óò máa purọ́ mọ́ bí ojú àwọn bá pọ́n? Lẹ́yìn náà ló béèrè iye tí wọ́n ń tà á.